Ilẹ̀kùn Tí Kò Ní Ihò Kọ́kọ́rọ́

Má-fọwọ́-kàn-án la máa ń pè é nínú ọgbà wa, kò sì bínú sí i. Ọkùnrin tó máa ń nu ojú mọ́tò kó tó bọ́ ojú ara rẹ̀, orúkọ wo la tún fẹ́ sọ ọ́? Mọ́tò kékeré aláwọ̀ eérú ni. Òun ló fi ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó sì fi ń gbé wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kò sí ọmọdé tó jẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sún mọ́ ọn. Ológbò tó bá fẹ́ sùn sórí rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ gbàdúrà.

Mọ́tò náà kò tíì di tirẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ kan ló fà á lé e lọ́wọ́ pé kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé tó bá san án tán, ọ̀gá ayẹmọ́tò yóò wá wo ara mọ́tò náà yíká. Bí ara rẹ̀ bá dán, wọn yóò kó ìwé rẹ̀ fún un. Bí àpá kan bá wà níbẹ̀ tó jinlẹ̀ débi irin, kò sí ìwé, ọdún kan mìíràn ni yóò tún fi sanwó. Ó ti san án tán. Ọ̀gá ayẹmọ́tò nìkan ló kù.

Èmi ni aránṣọ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tó ń gbé mọ́tò náà sí. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, nítorí náà díẹ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà wa tí n kì í rí. Ẹ pè mí ní olófòófó tó bá wù yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá Má-fọwọ́-kàn-án kú, tó mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, èmi ni mo rán aṣọ fèrèsé yàrá ìyá náà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ti ń pòrúurùu mọ́ ọn lójú díẹ̀díẹ̀. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló máa ń pè mí, mo sì máa ń jẹ́ ẹ. Kí ni yóò dín lára mi?

Àárọ̀ ọjọ́ kan la gbọ́ igbe Má-fọwọ́-kàn-án. Lára ilẹ̀kùn iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ kì í jókòó sí, nísàlẹ̀ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹnì kan ti fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó ha ọ̀dà. Kò gùn. Ìlà wẹ́wẹ́ ni, ọ̀kan lórí èkejì. Ó wa mọ́tò náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kejì, ó sì yẹ géètì wò bóyá wọ́n tì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìlà náà ti pọ̀ sí i, ojú kan náà ni, géètì sì wà ní títì láti inú. Ó ra tapólì, ó fi bò ó láti òkè délẹ̀. Ilẹ̀ tún mọ́, tapólì ti kúrò lára mọ́tò. Ẹni tó ṣí i kò fà á ya, kò sì wọ́ ọ jù sílẹ̀. Ó ká a dáadáa, etí kan etí, ó gbé e sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀bàyéjẹ́ kì í ká aṣọ.

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani," ni Má-fọwọ́-kàn-án sọ sókè, ojú fèrèsé mi ló sì ń wò.

Inú bí mi. Mo yọ orí síta. "Ìwọ, ṣé abẹ́rẹ́ mi lo rò pé mo fi ń họ mọ́tò? Aṣọ èèyàn ò tíì tán lọ́wọ́ mi, kí n tó wá máa rán irin!"

Àwọn ará ọgbà rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ìyá aránṣọ," ó ní. "Ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi ni."

Ó pe pẹ́ńtà kan wá. Pẹ́ńtà náà kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ó di ojú, ó wá ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá, ẹni tó ṣe èyí ò fẹ́ ba mọ́tò yín jẹ́ o."

"Kí ló wá fẹ́?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án wò. Ojú kan ni gbogbo ìlà yìí ń lọ. Ibi tí ihò kọ́kọ́rọ́ máa ń wà lára mọ́tò àtijọ́ nìyẹn. Ti ìsinsìnyí ò ní in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí. Ẹnì kan ló ń ṣílẹ̀kùn. Ó fẹ́ wọlé ni."

Orí mi wú. Má-fọwọ́-kàn-án ní kí pẹ́ńtà náà ṣì máa lọ ná.

Nítorí pé ó ti fẹ̀sùn kàn mí, mo ní àwa méjèèjì la máa jọ ṣọ́ ọ. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, èmi wà lójú fèrèsé. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ló ṣí. Ìyá rẹ̀ ló jáde. Ó ti múra òde, ó wọ bàtà, ó fi báàgì kọ́ apá. Ó ṣí tapólì, ó ká a, etí kan etí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan nínú báàgì, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bá gíláàsì mọ́tò sọ̀rọ̀.

"Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀. Ẹ má fun fèrè mọ́, ẹ ò jẹ́ káwọn èèyàn sùn."

Kò sí ẹni tó fun fèrè.

Ọmọ rẹ̀ jáde sí i. "Màmá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Bàbá rẹ ni. Wọ́n ti wà nínú mọ́tò látàárọ̀, wọ́n ní kí n yára. Ilẹ̀kùn yìí ni kò ṣí."

Má-fọwọ́-kàn-án wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bàbá rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ti tà fún àwọn onírin àlòkù kí bàbá tó kú. Mo rò pé yóò bínú. Ọwọ́ ló kì bọ àpò, ó tẹ rìmóòtù. Ilẹ̀kùn dún, iná mọ́tò ṣẹ́jú. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín bí ọmọge, ó wọlé, ó jókòó. Ọmọ gba iwájú mọ́tò kọjá sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn.

"Háà!" ìyá rẹ̀ kígbe. "Ṣé o fẹ́ jókòó lé bàbá rẹ lórí ni?"

Ó rọra pa ilẹ̀kùn yẹn dé. Ẹ̀yìn ló lọ jókòó sí, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Mo fa aṣọ fèrèsé mi, n kò ka iye orí tó wà nínú mọ́tò náà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀. Ìyá á fi kọ́kọ́rọ́ kan àpá náà, ọmọ á tẹ rìmóòtù lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á jókòó títí ìyá á fi ní, "A ti dé." Á bọ́ sílẹ̀, á lọ jẹun àárọ̀, ara rẹ̀ á sì yá gágá títí di alẹ́. Má-fọwọ́-kàn-án náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ̀gá ayẹmọ́tò ń sún mọ́lé. Pẹ́ńtà padà wá ṣáájú ọjọ́ náà, kí ọ̀dà lè ráyè gbẹ. Ó dí àpá náà, ó kùn ún, ó fi bébà oníyanrìn àti ìpara ọ̀dà nù ún títí ojú ilẹ̀kùn fi ń dán bíi dígí. Nígbà tí ìyá jáde láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń rìn kiri lára ilẹ̀kùn, kò rí ibi tó ń wá. Ọmọ rẹ̀ tẹ rìmóòtù, ó tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún un.

"Kì í ṣe èyí," ìyá ní. "Ilẹ̀kùn tí n kò fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣí, kì í ṣe tiwa."

Ó wọlé lọ, ó kọjú sí ògiri. Kò jẹun lọ́jọ́ náà, kò jẹun lọ́jọ́ kejì. "Bàbá rẹ ti lọ," ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò ju ìyẹn lọ. "Wọn ò dúró dè mí."

Ìrọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la kí ọ̀gá ayẹmọ́tò dé, Má-fọwọ́-kàn-án wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà mi.

"Fara dà á," mo ní. "Tí ọ̀gá ayẹmọ́tò bá ti lọ lọ́la, ìwọ lo ni mọ́tò rẹ. Ohun tó bá wù ọ́ ni kó o fi ṣe é."

"Ìyá aránṣọ, láti àná, omi ò gba ọ̀nà ọ̀fun wọn kọjá. Lónìí, wọ́n bi mí pé ta ni mí."

Mo gbá àjákù òwú ilẹ̀ jọ, mo tún gbá a.

Ojúmọ́ ń là bọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró kan tó mú eyín kan mí. Mo wo òde. Má-fọwọ́-kàn-án ló bẹ̀rẹ̀ síbi ilẹ̀kùn mọ́tò, kọ́kọ́rọ́ bàbá rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ha ọ̀dà tuntun náà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ha á débi irin. Lẹ́yìn náà ló mú kọ́kọ́rọ́ náà wọlé lọ, mo sì gbọ́ tó ń sọ pé, "Màmá, ẹ dìde. Bàbá ti dé o."

Ìyá ṣì ń múra lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá ayẹmọ́tò dé. Ó gba rìmóòtù méjèèjì tó bá mọ́tò náà wá, ó fi wọ́n ti mọ́tò, ó ṣí i, ó tún tì í, ó kó wọn sórí pèpéle ẹnu ọ̀nà mi níbi tí mo dúró sí, ó wá ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ara mọ́tò yíká. Ó débi àpá náà, ó dúró.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Ẹ mọ ohun tí yóò fà?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Má-fọwọ́-kàn-án wí. Ọkùnrin náà mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún kan sí i.

Ìgbà yẹn ni ìyá jáde, ó wọ bàtà, ó fi báàgì kọ́ apá. Ó lọ tààrà síbi ilẹ̀kùn, ìka rẹ̀ rí àpá náà. Ọmọ rẹ̀ ki ọwọ́ bọ àpò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó yíjú sí mi kíákíá. Mo wo ẹsẹ̀ mi nílẹ̀: rìmóòtù méjèèjì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó sún mọ́ wọn.

Ìyá fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan àpá náà. Ilẹ̀kùn dún. Iná mọ́tò ṣẹ́jú.

Ó wọlé, ó jókòó, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó wá rí ọ̀gá ayẹmọ́tò tó gbé fáìlì dání níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàgò fún wọn," ó ní. "Wọ́n fẹ́ gbéra."

Ọkùnrin náà wo àga awakọ̀ tó ṣófo. Ó wo Má-fọwọ́-kàn-án, ó rí i pé ó ti ń wọlé sí ẹ̀yìn. Ó yàgò. Èmi tí mo jìnnà sí wọn, mo fa ẹsẹ̀ mi wọlé.