Òkúta Ewé Lójú Ìyá Dídán

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni ìròyìn náà ti jáde: wọ́n ní Ìyá Dídán ti yọ ojú ara rẹ̀ méjèèjì, ó sì ti fi òkúta aláwọ̀ ewé dípò wọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìròyìn ti hu ìyẹ́. Wọ́n ní ojú tuntun ọ̀hún ń rí inú aṣọ, ó mọ ẹni tí àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ ya, ó sì mọ ẹni tí kò wọ̀ rárá. Láti ìgbà náà, kò sí ọkùnrin àdúgbò tó ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá láìfi àpò bo ìdí.

Obìnrin kúkurú tó ń gé òkúta olówó iyebíye, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ń mú un dán fún àwọn tó ń ṣe òrùka ni Ìyá Dídán. Yàrá iwájú ló ti ń ṣiṣẹ́, létí fèrèsé, nídìí ẹ̀rọ ìlọ̀ tí omi ń kán sí lórí. Òkúta tó bá tọwọ́ rẹ̀ jáde, eṣinṣin ò lè bà lé e. Yíyọ̀ ni yóò yọ̀ ṣubú.

Ẹnu rẹ̀ náà dán. "Pupa yìí máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró," ni yóò sọ fún oníbàárà. "Ẹni tó bá wọ elésèé àlùkò yìí, ọtí ò ní pa á. Aláwọ̀ ewé yìí ńkọ́? Ti ojú ni. Òun làwọn tó ń fín òkúta láyé àtijọ́ máa ń tẹjú mọ́ bí ojú bá ti rẹ̀ wọ́n."

Ìgbà tí ojú tirẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì, ó ní gílóòbù ni kò tàn. Ó pààrọ̀ gílóòbù. Ó ní fèrèsé ló dọ̀tí. Ó nu fèrèsé títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Lọ́jọ́ kan ó fi ìka ara rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ṣebí òkúta ni. Dókítà ojú ní iṣẹ́ abẹ ló kù, kó má sì jẹ́ kó pẹ́. Bó ti gbọ́ "abẹ", ó sáré débi pé ó délé kí bàtà rẹ̀ tó dé.

"Mo mọ ohun tí ọwọ́ èèyàn lè ṣe," ó sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. "Òkúta tó dára jù tó kọjá lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi yìí náà ló là á sí méjì."

Ló bá ń fi aṣọ de òkúta ewé méjì mọ́jú lọ́sàn-án gbogbo. Ẹnì kan yọjú lójú fèrèsé, ó rí i, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ tààrà.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ojú mi ti ń mọ́. Ìwọ náà ò rí eṣinṣin tí mo rí lórí tábìlì yẹn?"

"Bọ́tìnì mi ni."

Nígbà tí ìyá wọ balùwẹ̀, ọmọ lọ ìdí ìgò aláwọ̀ ewé méjì lórí ẹ̀rọ, ó sì fi rọ́pò òkúta, kó lè fi han ìyá pé òkúta ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ìyá dùbúlẹ̀, ó ní, "Agbára òkúta yìí mà pọ̀ o."

Ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Màámi, ìgò ni. Ìdí ìgò ni mo ń dè mọ́ yín lójú."

Ìyá fọwọ́ wá bàtà, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ti òsì. "Mú mi lọ."

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ti ní ọ̀rọ̀ tuntun: Ìyá Dídán ò mọ ìgò yàtọ̀ sí òkúta mọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ló wọlé, ọmọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Mo wá tún ọ̀rọ̀ yín ṣe," ó ní. "Ojú kan ni wọ́n fi nǹkan sí, awò kékeré tí kò láwọ̀. Ìdajì òótọ́ lẹ rí sọ. Ti òsì ti lọ. Dókítà ní mo pẹ́ jù."

"Ìyá, ṣé ẹ̀ ń rí mi?" onígbàjámọ̀ béèrè.

"Mò ń rí òjìji kan tó mú abẹ dání. Bóyá ìwọ ni. Èyí tẹ́ ẹ sì ní mi ò mọ ìgò: òkúta máa ń tutù lára pẹ́, ìgò kì í pẹ́ móoru. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀."

Ọmọ rẹ̀ jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Màámi, ẹ mọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Bí mo bá ti sọ, ìwọ ì bá ti mú mi lọ síbi abẹ lọ́jọ́ náà."