Mínírà Tí Kò Ní Ṣúgà Tí Mo Mu Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mo jókòó nínú pálọ̀ wa ní Òmù-Àrán, mo fẹ́ gùfẹ̀, gùfẹ̀ kò wá. Afẹ́fẹ́ náà kàn ń wú lábẹ́ igbá àyà mi, ó ń le sí i, ó ń le sí i, títí ìrora fi gba èjìká mi òsì. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ni mo nà sí ọkọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré!

Ẹ má tíì dá mi lẹ́bi o. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Aránṣọ ni mí, mo sì ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Mo sanra débi pé orúnkún mi kò gbé mi mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń dà mí láàmú. Nígbà tí gbogbo nǹkan tí mo ṣe kò ṣiṣẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń dín sísanra kù fún mi ní Ìlọrin. Wọ́n gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpò oúnjẹ mi kúrò, wọ́n sì fi irin kéékèèké bíi ti stápù há ojú ibi tí wọ́n gé pọ̀. Èyí tó kù kò tóbi ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ.

Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, dókítà ní ohun olómi nìkan ni kí n máa mu, díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n má fẹnu kan ṣúgà, kí n má sì mu ohunkóhun tó ní gáàsì, tó ń hó. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn nìkan ló wọ gbogbo ilé wa létí! Ta ló tún rántí èyí tó ń hó?

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Èsìẹ́ ṣe wá kí mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni wọ́n, torí pé Èsìẹ́ ni wọ́n ń gbé la ṣe ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, a kì í lọ kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Àwọn yòókù gbé mọ́ọ̀tì àti júùsì wá, mo ní kí wọ́n gbé e fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Èsìẹ́ ti wádìí ní tiwọn. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, wọ́n ń wọ ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wá mínírà tí kò ní ṣúgà, èyí tí wọ́n kọ síírò sí lára. Nítorí tèmi!

"Ìyàwó, ṣé inú rẹ ń kún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Afẹ́fẹ́ ni. Ìwọ ṣáà mu èyí, wàá gùfẹ̀ dáadáa, ara á tù ọ́. Àbí torí pé o fẹ́ di pẹ́lẹ́ńgẹ́, o ò fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wa mọ́?"

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ di ibi abẹ mú.

Ẹ sọ òótọ́, nílé tiyín, bí inú bá kún, kí lẹ fi ń gùfẹ̀? Ṣé kì í ṣe mínírà ni? Bí ìyá mi ṣe ń ṣe fún mi láti kékeré nìyẹn. Àti pé bí ẹ̀gbọ́n ọkọ bá fọwọ́ ara wọn ṣí nǹkan fún ìyàwó, ìyàwó wo ló máa ní òun ò mu? Mo ti bí, mo ti tọ́, ìyàwó ni mo ṣì jẹ́ níwájú wọn. Èmi tí mo máa ń ka ara páálí oògùn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lò ó, mo wo ara ìgò, mo rí síírò, ọkàn mi balẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Mi ò mu ju ẹnu mélòó kan lọ.

"Gùfẹ̀! Gùfẹ̀ jàre, ìyàwó!" Ìyá Èsìẹ́ ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n rò pé ó ti fẹ́ wá ni. Èébì ló dé. Mo bì, mo tún bì, títí kò fi sí ohun tí mo lè bì mọ́, síbẹ̀ kò dúró. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ara mi ti gbóná. Wọ́n gbé mi padà sí Ìlọrin, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni mo fi ara gbà.

Dókítà béèrè ohun tí mo jẹ. Ìyá Èsìẹ́ ló dáhùn: "Èmi ni mo fún un. Kò ní ṣúgà, dókítà."

Ó rọra ṣàlàyé fún wa. Ó ní kì í ṣe ṣúgà ló fa èyí, gáàsì ni. Inú mi kò láyè tí gáàsì lè gbà mọ́, èébì líle sì lè fa ojú ibi tí wọ́n há pọ̀ ya. Kò sọ pé ó ti já o. Ṣùgbọ́n ara gbígbóná yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní bí ibẹ̀ bá ń jò, wọ́n lè ní láti tún inú mi là, àti pé ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Aránṣọ ni mí. Mo mọ bí ojú ibi tí a rán ṣe ń já tí aṣọ bá fún, mo sì ti tún irú rẹ̀ ṣe fún oníbàárà láìmọye ìgbà. Èyí wà nínú mi. Mi ò lè rí i, mi ò lè fọwọ́ kàn án.

Wọ́n fún mi ní omi oògùn kan tó ń hàn nínú àwòrán mu, wọ́n sì ya àwòrán inú mi. Dókítà ní ibì kan wà tí kò hàn dáadáa. Kò sọ pé ó ń jò, kò sì sọ pé kò jò. Ó ní ká máa wò ó.

Ká máa wò ó! Kí lèmi fẹ́ máa wò? Wọn ò jẹ́ kí omi kan ẹnu mi, dírípù nìkan. Bí nọ́ọ̀sì bá ti wá wo bí ara mi ṣe gbóná tó, ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò, bóyá màá rí nǹkan kà níbẹ̀. Ọkọ mi á jókòó tì mí, á máa wo bí dírípù ṣe ń kán. Ìyá Èsìẹ́ kọ̀, wọn ò lọ sílé, wọ́n ń fa tẹ̀súbà wọn nígun yàrá. Wọ́n ní kí n bú wọn, kí n ṣáà sọ nǹkan sí wọn. Mo di ọwọ́ wọn mú. Àwa méjèèjì kò mọ ohun tí a lè ṣe.

Díẹ̀díẹ̀, ibà náà lọ sílẹ̀. Wọ́n tún àwòrán yà. Mo di ojú mi nígbà tí dókítà wọlé, mi ò fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ó ní, "Mà, kò sí ibi tó ń jò. Ó ti jinná." Ó ní kí nọ́ọ̀sì fún mi lómi.

Ìyá Èsìẹ́ dìde wéré: "Dókítà, omi yẹn kò hó, àbí?"

Ẹkún àti ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Èmi kì í ṣe dókítà, ẹ bi àwọn tiyín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mínírà kò bá ní ṣúgà, gáàsì inú rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Bí dókítà bá ń kìlọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ìdajì. Bí ẹ bá sì lọ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè kí ẹ tó ṣí ìgò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ti fi ìfẹ́ fún yín rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú yín lọ? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí gbogbo wa kà á. Ẹ sì bá mi sọ bí ènìyàn ṣe ń kọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ, torí èmi ò tíì mọ̀ ọ́n títí di òní.