Ta Ló Ṣubú fún Bàámi?

Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ dá mi lágara nínú eré ìjà tí mo ń ṣe fún fóònù. Èmi ni mo yà á, èmi ni mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa rìn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ fi í jà. Ó lọ́ra. Kó tó gbé òòlù rẹ̀ sókè, Ọlọ́kadà, tí òun náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi, á ti ta á ní ìpá mẹ́ta, á sì ti sá padà. Ṣùgbọ́n bí òòlù yẹn bá bà ọ́ pẹ́nrẹ́n, ìdajì ẹ̀mí rẹ ti lọ.

Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti le kì í ṣe àwòrán, kì í sì í ṣe ariwo ẹ̀ṣẹ́. Kí oníjà kan má lágbára ju èkejì lọ ni wàhálà. Ẹni tó yára gbọ́dọ̀ tètè ṣubú. Ẹni tó lágbára gbọ́dọ̀ lọ́ra, kí ọ̀tá rẹ̀ lè rí i pé ó ń bọ̀. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò gbà fún un, èmi sì ni onílé. Nọ́ńbà ni mo fi ń wọn gbogbo rẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà nìkan ò tó. Ó di dandan kí ẹni méjì jókòó, kí wọ́n jà á.

Èmi ò sì ní ẹnì kejì. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí a wà ní yunifásítì. Ọ̀kan lọ sí Èkó, méjì lọ sí òkè òkun, èmi ṣẹ́ kù sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí wọ́n ń kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀, mà." Mo kórìíra "mà" yẹn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bi mí ìgbà tí n óò kúrò. Nígbà míì, mo máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún jà fún Alágbẹ̀dẹ, kí n fi tòsì jà fún Ọlọ́kadà. Ẹni tó bá ń na ara rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ti dá wà nìyẹn.

Bàámi náà dá wà ní Ọ̀yọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Igbá ni wọ́n ń fín kí ọwọ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn tí wọ́n jọ ń ta ayò níwájú ilé sì ti ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Sátidé kan, mo gbé fóònù kan lé wọn lọ́wọ́.

"Kí lèyí?"

"Ìjà ni, Bàámi. Ẹ bá mi dán an wò."

Wọ́n wo àwọn oníjà náà títí. "Mẹ́rin-mẹ́rin ni ọmọ ayò ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ta ló pín agbára fún àwọn tìrẹ?"

"Èmi ni."

"Á jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ lẹjọ́ wà."

Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n mú, wọ́n ní oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tàwọn ni. Mo nà wọ́n lẹ́ẹ̀mọkànlá. Bí wọ́n bá ti ṣubú, wọ́n á tọ́ka sí ojú fóònù: "Ibí ni mo ti ṣe é. Ó yẹ kí n dúró kó sún mọ́ mi." Lẹ́yìn náà wọ́n á ní ká tún un jà. Mo fi fóònù náà sílẹ̀ fún wọn, ká lè máa jà bí mo bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí Sátidé tí n kì í gba Ọjà Igbó kọjá lọ wọ mọ́tò Ọ̀yọ́.

Àánú ló kó bá mi. Mo ń wo ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n lórí fóònù, mo ní irú ọmọ wo ló ń na bàbá rẹ̀ báyìí. Ni mo bá yọ́ kẹ́lẹ́ fi kún agbára Alágbẹ̀dẹ, mo sì jẹ́ kí òòlù rẹ̀ máa dé ibi tí ojú ò rí i kó dé. Ìtọ́jú òbí ni mo pè é.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàámi nà mí lẹ́ẹ̀mẹrin léra. Ẹni tó bá jẹ ayò, ó ní láti bú ẹni tó pa. Èébú yẹn ni iyọ̀ eré náà. Kò sì sí ẹnu tó mú tó ti Bàámi ládùúgbò. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò bú mi rárá. "O ṣé é" ni wọ́n ń sọ. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. "Mo pẹ́ kí n tó lù ú. Mo mọ̀ pé mo pẹ́. Òòlù ò bà á, ó sì ṣubú. Ta ló ṣubú fún mi?"

"Mo fi díẹ̀ kún un ni, Bàámi. Ẹ má bínú."

Ì bá sàn kí wọ́n bínú. "Nígbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn èèyàn ń ra igbá mi láìná an. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ìwọ ń bá mi jà ni."

Wọ́n dìde lọ ṣe àlùwàlá. Mo sunkún nínú mọ́tò títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá tó jókòó tì mí bi mí pé ta ló kú, mo ní kò sẹ́ni tó kú, ó sì bu búrẹ́dì fún mi.

Mo dá agbára Alágbẹ̀dẹ àti òòlù rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ọlọ́kadà ni mo wá tún ṣe: tó bá ti ta ìpá mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ dúró mí kanlẹ̀. Kì í ṣe torí bàbá ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí ẹni tó ń sáré báyẹn máa mí. Mo pe Bàámi, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi ọ̀kan pa mọ́. "Mo ti gbọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ wá ní Sátidé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò gbúròó wọn nínú eré náà. Mo padà sórí ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì mi.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásàárì, fóònù mi fi hàn pé wọ́n ti wọlé sínú eré láti Ọ̀yọ́. Wọn ò kí mi. Mo nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà, mi ò ṣàánú wọn, wọ́n sì jáde. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ta ìpá kan, mo ta èjì. Kí n tó ta ẹ̀kẹta tán, wọ́n ti gbé òòlù sókè. Mo dúró mí. Mo rí òòlù náà bó ṣe ń bọ̀, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Fóònù mi dún.

"Òpè!" ni Bàámi wí. "Ṣé orí lo fi ń ronú ni àbí orúnkún? Gbogbo ìwé tí mo rán ọ kà, ewúrẹ́ ló bá ọ jẹ ẹ́? O rí àgbàlagbà tó gbé òòlù, o sì lọ dúró síwájú rẹ̀ láti sinmi?"

Wọ́n bú mi títí tí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un jà, Bàámi."

"Lọ kọ́ṣẹ́ ná," ni wọ́n wí, wọ́n sì pa fóònù.

Yàrá mi tún dákẹ́. Mo mọ ibi tí mo ti ṣe é: ìpá kẹta yẹn, mo kánjú. Mo wọlé padà sínú eré, mo mú Ọlọ́kadà, mo sì jókòó dè wọ́n.