Ìyípo Méjìdínlógójì

Ọdún mẹ́fà gbáko ni ọmọbìnrin náà fi kọ ìwé kan ṣoṣo. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín o, ìwé ọ̀hún nípọn ju bíríkì lọ. Àmọ́ bí a bá ní ká sọ tòótọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: bí èèyàn bá ṣàdédé sé ilẹ̀kùn mọ́ omi lójú nínú páìpù, tàbí tó ṣàdédé ṣí i fún un gbayawu, omi á bínú, á sì máa fi orí gbá nǹkan títí nǹkan ọ̀hún á fi fọ́. Ó wọn ìbínú yẹn, ó ṣírò rẹ̀, ó yà á láwòrán. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n márùn-ún bi í léèrè ọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó di dókítà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ omi gbà á síṣẹ́.

Ayọ̀ ọ̀hún pọ̀ jù fún ẹnì kan ṣoṣo. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ, ó ti dé akoto iṣẹ́ funfun báláú nínú yàrá, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ń yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì. Ó dé akoto fọ eyín. Ó dé akoto mu tíì. Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì.

"Ṣé wọ́n ti fún ẹ ní àga?"

"Mọ́mì, mi ò tíì wọlé."

"Tóò. Bí wọ́n bá fún ẹ, mì í wò kó o tó jókòó o. Àga ọ́fíìsì kì í ṣeé fọkàn tán."

Wọ́n fún un ní àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ń mì lóòótọ́. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀, ọkùnrin kan tó máa ń so táì mọ́ ọrùn pinpin tí kì í sì í rẹ́rìn-ín, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta la fi ń dán èèyàn wò níbí," ló wí. "Àwọn oníwèé ńlá mẹ́ta ti wá kó o tó dé. Wọ́n mọ ìwé, páìpù ni ò mọ̀ wọ́n. Mo dá gbogbo wọn padà síbi tí wọ́n ti wá."

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá gbé ẹlòmíì lọ́kàn sókè. Òun ńkọ́? "Ẹ ṣé, sà," ló wí, eyín funfun síta bí ẹni tí wọ́n fún ní mọ́tò.

Wọ́n fi í sọ́wọ́ olórí àwọn oníṣẹ́ páìpù, àgbà ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Fáàfù, torí kò sí fáàfù kan tó ń sé omi tàbí tó ń ṣí i lábẹ́ gbogbo títì ìlú náà tí kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ yí. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló ń ri páìpù tuntun tó gun òkè kan lọ, sí àdúgbò tí ẹ̀rọ omi wọn ti gbẹ láti oṣù mẹ́jọ. Dókítà bá wọn wà nínú kòtò látàárọ̀ dalẹ́. Amọ̀ kún etí rẹ̀, ó sì ń kọrin. Òun ló ṣírò bí wọ́n ṣe máa ṣí omi náà lọ́jọ́ tó bá pé. Fáàfù wà nísàlẹ̀ òkè, ìyípo méjìdínlógójì ló ní. Afẹ́fẹ́ ló kún inú páìpù òfìfo, omi sì gbọ́dọ̀ rọra lé e jáde díẹ̀díẹ̀. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sórí páálí: OGÚN ÌṢẸ́JÚ, KÒ GBỌ́DỌ̀ YÁ JU BẸ́Ẹ̀ LỌ. Ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ ọ̀hún pé, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù mẹ́ta rẹ̀ tó pé. Ará òkè sọ̀ kalẹ̀ tọmọ tìyá, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dání. Ọ̀gá àgbà náà wá, táì lọ́rùn. Bàbá Fáàfù na ọ̀pá irin gígùn tí wọ́n fi ń yí fáàfù sí Dókítà.

"Ìwọ lo ṣírò ẹ̀, ìwọ ni kó o ṣí i. Àmọ́ o, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù..." Ó wẹ̀yìn, ó rí àwọn ìyá tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gbé ìyókù òwe mì.

Ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Irin náà gbọ̀n díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ni. Ọdún mẹ́fà ló fi mọ omi yìí lójú kọ̀ǹpútà, kò gbọ́ ọ lábẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ rí. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ó yí i tẹ̀lé àtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ yára, òun náà yára, àtẹ́wọ́ sáré, òun náà sáré, ó ń rẹ́rìn-ín, akoto ń já bọ́ sójú. Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi tán. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Gbòà. Ilẹ̀ tú nítòsí wọn, omi fò sókè ju òpó iná lọ, ó rò ó wò díẹ̀, ó sì balẹ̀ sórí ọ̀gá àgbà. Àwọn ará òkè rò pé ara ètò ni. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n fi sé e, oríkèé páìpù kan ti ṣí sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀gá àgbà, tí omi ń ro tó-tó-tó létí rẹ̀, kò tiẹ̀ wo Dókítà. Bàbá Fáàfù ló dojú kọ.

"Bàbá, ẹ̀yin àtàwọn èèyàn yín lẹ so oríkèé yìí. Lọ́la, ìwé á tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ ó kọ ìdí tí mi ò fi ní ní kẹ́ ẹ lọ sinmi nílé."

Bàbá Fáàfù wo Dókítà lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kó sípánà rẹ̀ jọ. Ó ti rí i pé ìkánjú ló fà á. Dókítà náà mọ̀ pé ó ti rí i. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù. Bó bá pa ẹnu mọ́, iṣẹ́ di tiẹ̀. Bó bá là á, ó di ẹni kẹrin tí wọ́n dá padà. Ojú tì í dé inú bàtà.

"Sà, oríkèé ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Ogún ìṣẹ́jú ni mo kọ sílẹ̀, mi ò lo méjì."

"Kí ló fà á?"

"Inú mi ló dùn, sà."

Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fún táì rẹ̀. "Kí lo tiẹ̀ kọ́ ní yunifásítì ọ̀hún gan-an?"

Dókítà nàka sí kòtò. "Èyí náà ni, sà. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ béèyàn bá ṣí i kíákíá."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ jáde nímú Bàbá Fáàfù bí ikọ́, ló bá jókòó sórí páìpù, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì mọ́ra wọn. Ọ̀gá àgbà kẹ̀yìn sí wọn, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Nígbà tó padà yíjú, ó ní, "Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Gbogbo páìpù tó bẹ́, fúnra ẹ̀ ló bẹ́. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ pé òun ló bẹ́ ẹ. Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ tún un so." Ó wá nàka sí Dókítà. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mi ò tíì sọ pé mo ra tìẹ o. Lọ́jọ́bọ̀, ìwọ náà lo máa ṣí i. Bó bá tún bẹ́, kó ẹrù ẹ."

Lọ́jọ́bọ̀, ará òkè kankan kò sọ̀ kalẹ̀. Ta ló fẹ́ wẹ̀ láìbọ́ṣọ? Dókítà di ọ̀pá irin mú, ẹ wò ó, ayọ̀ tún ti ń bọ̀. Ayọ̀ kì í gbọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń yún un.

"Dúró," ni Bàbá Fáàfù wí, ó lóṣòó tì í. "Ṣé o mọ àgbàlagbà kí?"

"Mo mọ̀ ọ́n kí, Bàbá."

"Kí mi. Ìkíni kan, ìyípo kan. Kó o sì dúró gba èsì kó o tó yí òmíràn."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Ó yí i.

"Oo. Ìyá ẹ ńkọ́? Ara wọn le? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́?"

"Ó ti sàn, Bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ó yí i.

Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ìlóṣòó. Ẹ kú àmójútó ilé. Àwọn gidi tán lẹ́nu rẹ̀ níbi ìyípo kẹẹ̀ẹ́dógún, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá tara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kú amọ̀ inú etí. Ẹ kú sípánà tó sọnù. Bàbá Fáàfù ń dáhùn gbogbo rẹ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Dókítà kọjú sí ọ̀gá àgbà tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní, "Ẹ kú táì tó rẹ lọ́jọ́sí, sà."

"Hẹn," ni ọ̀gá àgbà wí. "O ṣeun."

Ó yí i. Ó di ìyípo kọkàndínlọ́gbọ̀n, wọ́n gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń súfèé lókè. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan pariwo látinú ilé tó ga jù pé omi ti dé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ń dún gbàràgàdà, ẹ̀rín ń ti ilé dé ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré gun òkè. Ọ̀gá àgbà náà lọ, ó fọwọ́ di táì mú. Ẹsẹ̀ Dókítà ń jó fúnra wọn nínú bàtà òjò, gbogbo ara rẹ̀ ni ó ń sọ pé kó máa sáré lọ, kó lọ wo omi tó fi ọdún mẹ́fà ṣírò bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò gbójú sókè.

"Ẹ kú ìdúró tì mí, Bàbá," ló wí, ó sì yí i lẹ́ẹ̀kan.

"O ṣé, ọmọ mi."

Ó ku mẹ́jọ.