Ẹni tí Yóò Dúró Nípò Ìdíátù

Nígbà tí òjò wọ ọ́fíìsì wọn lọ́dún tó kọjá, Ìdíátù kò sí ní Ouagadougou. Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n lọ sin ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Òjò ìlú yẹn kì í pẹ́, ṣùgbọ́n bó bá dé, tagbáratagbára ló ń dé. Ó ṣí páànù kan lórí ilé, ó da omi sórí kọ̀ǹpútà tí máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ irúgbìn ní yunifásítì náà ń sáré kiri. Wọ́n mọ̀ pé Ìdíátù, akọ̀wé wọn, ti tọ́jú ẹ̀dà kan pamọ́. Ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí, òun nìkan ló mọ̀, fóònù rẹ̀ kò sì wọlé lójú ọ̀nà. Kó tó dé, àkókò ti kọjá lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ fi máàkì náà wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lókè òkun.

Nígbà tó padà, ó fa ẹ̀dà náà yọ láti abẹ́ aṣọ ìkírun rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. "Tantie, láìsí ẹ̀yin, a ti gbé," ni wọ́n ń wí; Tantie ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àǹtí lédè Faransé. Ó ní kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú, ó sì mọ̀ pé ó dùn mọ́ òun.

Gounghin, àdúgbò kan ní Ouagadougou, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Ọmọ ẹ̀yà Mọ̀sí ni ìyá rẹ̀. Ilé ìwé Faransé ló ń lọ láàárọ̀, ilé kéú nírọ̀lẹ́. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ akọ̀wé débi pé lára àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ lónìí, òun ló forúkọ àwọn kan sílẹ̀ nígbà tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Òun ló ń gba ìbéèrè ìdánwò lọ́wọ́ wọn, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun ló mọ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ kí wọ́n tó rí gbọ̀ngàn ńlá lò.

Lẹ́yìn òjò yẹn, àwọn aláṣẹ yunifásítì ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ ètò pàjáwìrì. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, bí omi bá wọlé, bí iná mànàmáná bá lọ tí kò dé, bí ìgboro bá gbóná, báwo ni iṣẹ́ yóò ṣe máa lọ? Agathe, ọ̀gá ẹ̀ka, gbé kíkọ rẹ̀ lé Ìdíátù lọ́wọ́. Ti iná àti ti omi kò le. Èyí tó le ni ibi tí wọ́n ti ní kí olúkúlùkù dárúkọ ẹni tí yóò dúró nípò òun bí nǹkan kan bá ṣe é. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ. Olùkọ́ àgbà kan tilẹ̀ bi wọ́n bóyá wọ́n ti fẹ́ máa pín ogún òun ni.

Rachid, tó ń mójú tó yàrá tútù tí wọ́n ń kó irúgbìn sí, ló yanjú rẹ̀. Mọ̀sí ni Rachid, Sàmó ni Agathe. Láàárín ẹ̀yà méjèèjì yìí, èébú kò ní ìbínú. Ẹ̀fẹ̀ tí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe bọ̀ ni, kódà níbi òkú: Mọ̀sí á ní Sàmó ń jẹ ajá, Sàmó á ní ẹrú òun ni Mọ̀sí.

"Madame, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ara yín," ni Rachid wí níbi ìpàdé. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kú, ta ni ká kó àwọn orí ajá inú firíìjì yín fún?"

Agathe kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Kì í ṣe ìwọ. Ẹrú mi ni ọ́, wọ́n á pín ìwọ náà mọ́ ogún ni."

"Ẹ máa bẹ Ọlọ́run kí n pẹ́ láyé. Bí n kò bá sí níbẹ̀, ta ló máa sunkún yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ara wọn sì rọ̀. Agathe dárúkọ ẹni tirẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìpàdé fi máa tú, ibì kan ṣoṣo ló ṣófo nínú ètò náà: ti Ìdíátù fúnra rẹ̀.

Kókó kan wà lábẹ́ ọmú rẹ̀ òsì. Dókítà ti dá ọjọ́ tí wọn yóò yọ ọ́, ọjọ́ náà sì bọ́ sí àárín ìdánwò ìparí ọdún. Jìbírílù, ọkọ rẹ̀, ti kìlọ̀ fún un. "Má sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. O ò mọ ẹni tó ń gbọ́. Jẹ́ ká lọ, ká bọ̀, ká tó wí."

Ó gbà. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tó bá jókòó lórí aṣọ ìkírun, ọ̀rọ̀ náà á dìde. Bí òun bá kọ orúkọ ẹlòmíràn síbẹ̀, ṣé kì í ṣe pé òun kò gbà pé Ọlọ́run yóò mú òun padà? Bí òun kò bá sì kọ ọ́, ṣé ìgbàgbọ́ ni, àbí ẹ̀rù lásán tí òun sọ ní ìgbàgbọ́? Látìgbà tí kókó náà ti kéré ló ti ń gbàdúrà. Ó ń gbàdúrà, kókó ń tóbi. Ojú ń tì í láti gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni Agathe mú ìdánrawò wá.

"Ìdíátù, ẹ̀yin la ó fi ṣe é. Lọ́jọ́rú, ẹ jókòó sílé. Rahinatou á to ìdánwò ọdún kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ṣe bí ẹni pé ẹ ò sí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè yín."

Rahinatou, ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì, béèrè pé, "Báwo ni wọn ò ṣe ní sí, Madame?"

"Kò sí. Ó parí."

"Ká má rí i," ni Rahinatou wí sábẹ́ ohùn.

Lọ́jọ́rú, Ìdíátù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ bí àwọn alágbẹ̀dẹ ojú títì tó lọ sí ìlú Bobo ṣe ń lu irin. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí olùkọ́ kan fi pè, ó ní òun kàn fẹ́ mọ bó ṣe jí ni. Òmíràn pè, ó ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn wọn ni Rahinatou.

"Tantie, mo ní kí n kí yín ni. Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́. Mi ò sí lónìí, Rahinatou."

"Mo mọ̀, tantie. Òun ló jẹ́ kí n pè." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ̀ngàn ńlá yẹn, ta lẹ máa ń rí?"

Orúkọ ọkùnrin náà ti dé ẹnu Ìdíátù. Adùn tó mọ̀ dáadáa yẹn wọ inú rẹ̀: wọ́n ń wá òun. Ó rántí ọjọ́ tí dókítà dá.

"Òkú ni mí lónìí," ló wí. "Kò sí fóònù níbi tí mo wà."

"Tantie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wí bẹ́ẹ̀."

Ó gé e, ó sì pa fóònù náà.

Kò tíì kí ìrun àílà tó fi gbọ́ fèrè ọkọ̀ níwájú ilé. Agathe ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Alùpùpù rọ́ dé lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ẹ̀ka pátá. Rahinatou gbé máńgòrò dání, ojú rẹ̀ pọ́n. Búrẹ́dì ni Rachid há mọ́ abíyá.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Ìdíátù béèrè.

"Ẹ pa fóònù," ni Agathe wí, ojú ń tì í díẹ̀. "Rahinatou bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwọn ò lè jókòó máa ṣiṣẹ́ lórí òkú yín, àfi káwọn wá fojú rí yín."

"Ìdánrawò ńkọ́?"

Agathe jókòó sórí ẹní. "Òun lẹ ń wò yìí. Ẹnì kan ò wá síbi iṣẹ́, gbogbo ilé iṣẹ́ dìde lọ kí i."

Ìdíátù po zoom-koom fún wọn, omi ìyẹ̀fun ọkà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ láti fi gba àlejò. Wọ́n mu ún, wọ́n fi barka dúpẹ́, wọ́n béèrè ara ọmọ àti ara ilé.

"Tantie ò mọ òkú kú," ni Rachid wí. "Òkú wo ló ń po nǹkan tó dùn báyìí?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dákẹ́, nítorí Ìdíátù ti ń sunkún. Jìbírílù ti jáde láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà lára ilé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó mi orí sí ìyàwó rẹ̀ díẹ̀ pé kó má wí. Ìdíátù rí i, ó sì sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ ti kókó náà, ó sọ ọjọ́ tí wọ́n dá.

Agathe gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìdí tí ibẹ̀ fi ṣófo nìyẹn," ni Agathe wí.

"Mo rò pé bí mo bá kọ ọ́, á jẹ́ pé mi ò gbà pé Ọlọ́run á mú mi padà."

Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni Agathe. Ó rọra bi í: "Ṣé ẹ gbà?"

"Nígbà mìíràn," ni Ìdíátù dáhùn. Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ sókè rí. Ó nu ojú rẹ̀. "Rahinatou, ètò yẹn wà nínú báàgì mi, mú un wá. Kọ orúkọ rẹ síbẹ̀."

Rahinatou kọ ọ́. Ó tún fi kún un pé: títí Tantie yóò fi dé, in shā Allāh.

"Àwọn aláṣẹ ò ní gba irú èyí nínú ìwé wọn," ni Agathe wí.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Ìdíátù wí. "Ká ní ó dá mi lójú ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́."

Agathe fi í sílẹ̀. Jìbírílù lọ gbé àga wá fún àwọn tó wà lórí ìdúró. "Wọ́n ṣáà ti gbọ́," ló wí. "Kí wọ́n bá wa ṣe àdúà." Ó ṣe é gùn, gbogbo wọn sì ṣe àmín, àti Sàmó àti Mọ̀sí.

Látọjọ́ yẹn, Ìdíátù ń jókòó ti Rahinatou ní ọ́fíìsì, ó ń ká ọwọ́ rẹ̀ sórí itan kó má baà gba iṣẹ́ náà ṣe. Rahinatou lọ kí ọkùnrin tó ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ padà lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó tún lọ, ó rí i gbà.

Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Ìdíátù wà nígbà tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti yọ kókó náà, wọ́n ti gbé e lọ fún àyẹ̀wò, èsì kò sì tíì dé. Rahinatou wá kí i lọ́sàn-án.

"Iná lọ kí n tó tẹ ti ọdún kejì tán," ló wí. "Mo kọ ìbéèrè náà sójú pátákó."

"Sójú pátákó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, tantie. Wọ́n sì ṣe é."

Nínú gbogbo ọdún tí Ìdíátù fi ṣiṣẹ́, kò sí ìdánwò tó jáde lórí pátákó rí. Ó mọ ẹ̀ka tó ní jẹnẹrétọ̀, ó mọ ẹni tí Rahinatou ìbá sáré bá níbẹ̀. Ó ti la ẹnu. Ó wo ojú ọmọ náà, bó ti rẹ̀ ẹ́ tó, bí inú rẹ̀ ti dùn tó.

"O ṣe é dáadáa," ló wí.

Nígbà tí Rahinatou lọ, àkókò ìrun alásàrì ti tó. Kò lè forí balẹ̀, ó kí i lórí ìdùbúlẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ohun tó máa ń tọrọ, ó sì dúró. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ pé ìdánwò wáyé láìsí òun. Òótọ́ ló fi dúpẹ́, ó sì dùn ún pé wọn kò nílò òun, ibi tó ti dùn ún kì í ṣe ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá tọrọ ìyókù: ara líle, àti èsì tó dára.