Ẹ Dágbére fún Un Kí Ẹ Tó Lọ

Èmi ni mo ń se oúnjẹ ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wa, n ò sì ní purọ́ fún yín: tíṣà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń sú mi. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń jókòó sórí àga kékeré láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta. Bó bá fẹ́ dìde báyìí, orúnkún rẹ̀ á kọ́kọ́ ké. Ìyá Ẹ-Dágbére là ń pè é, torí kò gbà kí òbí kankan yọ́ lọ láìjẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ọmọ yìí mọ ẹkún sun. Ni mo bá lo ọgbọ́n orí tèmi. Bí mo bá ti na bísíkíìtì sí i, ìyá rẹ̀ á gba ẹ̀yìn ilé ìdáná sá lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dé lóòótọ́, mo sì ń yan kiri. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ọmọ ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Kò ṣeré, kò jẹun, ẹnu ọ̀nà ló ń wò ṣáá.

Tíṣà wá bá mi nídìí ìkòkò. "Ìyá alásè, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí ẹ ń kọ́ ọmọ yìí ni pé bí inú òun bá ti dùn, màmá òun á pòórá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Mo ní àlùbọ́sà ló ta mí lójú.

Bí tíṣà ṣe dá ìdágbére padà nìyẹn, ẹkún wá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Inú bí ọ̀gá wa. Ó ní bí ọmọ náà ò bá lè wọlé fúnra rẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, kí ìyá rẹ̀ máa mú un lọ. Ìyá ò sì ní ẹni tó lè bá a mú ọmọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì á bọ́ nìyẹn. Tíṣà ò bá ọ̀gá jiyàn. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Á ní, "Inú rẹ ò dùn, mo rí i. Sunkún tó bó o ṣe fẹ́, ká tó lọ gbé báàgì kọ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá káwọ́ gbera dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá dágbére, ọmọ bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n ọmọ fẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó ń sunkún, ó ń rìn. Ó gbé báàgì kọ́, ó fa àga, ó jókòó.

"Ó ṣì ń sunkún," ọ̀gá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," tíṣà fèsì. "Àmọ́ ó wọlé fúnra rẹ̀. Ṣé àwa náà ò sunkún wá síbi iṣẹ́ rí ni?"

Ọ̀gá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí ọmọ máa bọ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣì dúró ní géètì, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọmọ na ọrùn lójú fèrèsé.

"Màmá, ẹ máa lọ síbi iṣẹ́. Èmi ti jókòó."