Oko Ọ̀pẹ Tí Ìyá Ọkọ Mi Fi Dógò

Òórùn ẹyìn tí wọ́n ń sè kì í kúrò ní àgbàlá ìyá ọkọ mi ní Pobè, ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo wọlé wọn, rírà ni ẹyìn tí à ń sè. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ọkọ mi ti dùbúlẹ̀ àìsàn kí n tó dé, ìyá rẹ̀ sì yá owó ìtọ́jú lọ́wọ́ bàbá kan ní Sakété, ó fi oko ọ̀pẹ rẹ̀ ní Igana dógò. Àdéhùn wa lágbègbè yẹn ni pé ẹni tó yáni lówó ni yóò máa kọ ẹyìn oko náà, títí owó rẹ̀ yóò fi pé sí i lọ́wọ́.

Bàbá náà kú lójijì. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àjàṣẹ́ kò mọ̀ nípa owó kankan. Èmi ọlọ́gbọ́n tuntun gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Mo ní, “Ìyá, olówó ti lọ. Ẹ jẹ́ á lọ máa kọ ẹyìn wa.”

Ó bi mí pé, “Ìyàwó, owó tó gbé ọkọ rẹ dìde ńkọ́? Òun náà ti kú?”

Ó di owó tó ti ń tù jọ nídìí epo mọ́ ìró, a gba Sakété lọ. Inú bí àkọ́bí olóògbé, tó ti Àjàṣẹ́ wálé. Ó ní bàbá òun ra oko náà ni, kí a mú ẹlẹ́rìí wá. Ẹlẹ́rìí wa ti kú. Oko yẹn nìkan sì ni ìyá ọkọ mi ní.

 Ó tú owó náà sílẹ̀ níwájú wọn. “Owó bàbá yín rèé.”

Opó olóògbé kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Ta ló máa ń gbówó wá fún ẹni tó ti ra oko rẹ̀? Dá oko padà fún un.”

Bí a ṣe dé Igana, ẹyìn ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo ti yọ àdá, ìyá ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní owó wọn ṣì wà lọ́wọ́ wa nígbà tí ẹyìn náà gbó, tiwọn ni. Ó ránṣẹ́ sí opó náà pé kí ó rán akọpẹ wá.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, mo yáwó ní báńkì. Akọ̀wé ṣàlàyé ojúṣe ẹni tó yáwó fún mi: kí n san án bó ti yẹ, kí n má fọwọ́ kan ohun tí mo fi dógò, tí mo bá san tán, báńkì gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Ó bi mí bóyá ó yé mi. Omijé bọ́ lójú mi, ó sì rò pé gbèsè ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyá ọkọ mi ni mo rántí.